Sójà Inú Yìnyín Tó Jẹ́ Mi Lóhùn

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí. Aago náà dá mi lójú nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù mi lẹ́yìn tí èmi àti Àǹtí Rónkẹ́ sọ̀rọ̀ tán. Kì í ṣe òru. Òjò kò rọ̀, iná kò lọ. Oòrùn Houston ń jó àwọn ọkọ̀ níta bí ẹni tó ń gbẹ̀san, AC sì ń pariwo lórí wa nínú ilé.

Mo ń tètè sọ èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo mọ bí èmi náà ṣe máa ń ka irú ìtàn báyìí, tí màá ní oorun ló kun ẹni tó kọ ọ́. Mi ò sùn. Mi ò mu nǹkan kan. Lóòótọ́, ojo ni mí díẹ̀. Ẹ̀rù email máa ń bà mí, ẹ̀rù kí wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì máa ń bà mí, ẹ̀rù kí n má tètè fèsì kí ẹnì kan wá bínú, gbogbo rẹ̀ ló máa ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mi kò tíì ya ènìyàn sójú mi rí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí mi ò bá rí, mi ò ní fi kún un. Ẹ máa rí ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè másítà nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, mùsíọ̀mù kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ sì gbà mí síṣẹ́. Ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé Amẹ́ríkà so mọ́ iṣẹ́ yẹn. Tí iṣẹ́ bá bọ́, ẹ̀yin tí a jọ wà níbí mọ ohun tó kù: kí ènìyàn máa wá òmíràn tọkàntọkàn pẹ̀lú àyà jíjá, tàbí kó lọ di ẹrù rẹ̀.

Àwòrán ogun àtijọ́ ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Àwọn ará Jàpáánù ló ṣe é nígbà tí wọ́n ń bá Ṣáínà jà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n máa ń gbẹ́ àwòrán náà sára pákó, wọ́n á kun pákó náà ní àwọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n á wá tà á fún ará ìlú kí orí wọn lè wú. Èmi ni mò ń wọn bébà kọ̀ọ̀kan, tí mò ń ya fọ́tò rẹ̀, tí mo sì ń kọ káàdì kékeré tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí àlejò lè kà á. Yàrá tí mo ti ń ṣe é kò ní fèrèsé kankan, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ àwọ̀ àwọn bébà yẹn.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó dára ju ìyókù lọ. Bébà mẹ́ta tí wọ́n tò mọ́ra wọn ni. Yìnyín ń bọ́, ilẹ̀ funfun báláú. Sójà Jàpáánù kan dá dúró lórí odi ìlú, ó gbé idà sókè, bọ́tìnì rẹ̀ pé, irunmú rẹ̀ gún régé, ẹrẹ̀ kan kò sí lára bàtà rẹ̀. Nísàlẹ̀ odi, àwọn sójà Ṣáínà ń ṣubú léra wọn. Ojú kan náà ni wọ́n yà fún gbogbo wọn, ẹnu yíyà, ojú yíyọ, bí ẹni pé wọn kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ sójà orí odi yẹn wà ní igun àwòrán. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè.

Ó dára, mo ti sọ pé ó dára. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń wò ó, inú mi á sì tún bàjẹ́ pé inú mi dùn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yà á mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Ṣùgbọ́n kò dé ojú ogun. Tókíò ló jókòó sí, ó ka ìwé ìròyìn, ó fi èrò inú ara rẹ̀ kún èyí tó kù, kí àwòrán lè dé ọjà kí ìròyìn tó di àná. Nítorí náà, mo kọ ọ́ sórí káàdì báyìí: "Ẹni tó ya àwòrán yìí kò sí níbẹ̀. Kò fojú rí ogun yìí. Ohun tí ará ìlú fẹ́ rí ló yà fún wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìdílé kan ní Clear Lake ló fún mùsíọ̀mù ní àwòrán náà, wọ́n sì fẹ́ kí káàdì sọ pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, pé ọkùnrin kan ṣoṣo gun odi, ó sì ṣẹ́gun. Bí bàbá bàbá wọn ṣe ń pa á nítàn fún wọn nìyẹn láti kékeré. Ọ̀gá mi, Ms. Linda, ní kí n yọ ohun tí mo kọ kúrò. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ẹ mọ ẹ̀rín yẹn, èyí tí eyín nìkan ń rín.

Ohun tí mò ń rò fún Àǹtí Rónkẹ́ lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Àbúrò màmá mi ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní League City, àwọn sì ni òbí mi ní ilẹ̀ yìí. Mo jáde sí kọ́ridọ̀ kí n lè gbọ́ wọn dáadáa.

Wọ́n ní, "Yọ ọ́ kúrò, jàre. Ṣé ìwọ lo jagun náà ni?"

"Mi ò lè yọ ọ́, mà."

"Orí kunkun bàbá ẹ náà ló gbé wá sí Amẹ́ríkà yìí."

A jọ rẹ́rìn-ín, a sì pa fóònù. Mo ṣílẹ̀kùn, mo wọlé padà.

Ẹnì kan wà nídìí tábìlì mi.

Ó kẹ́yìn sí mi, ó tẹ̀ ba sórí àwòrán náà. Mo rò pé ọkùnrin tó máa ń bá wa fi àwòrán sínú férémù ni, torí wọ́n ti sọ pé yóò wá lọ́sẹ̀ yìí. Yorùbá ṣì wà lẹ́nu mi. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká má kí i. Èmi tiẹ̀ máa ń kí àwọn tó ń tún freeway ṣe láti inú ọkọ̀ mi, pẹ̀lú gíláàsì ní títì. Ó ti mọ́ mi lára. Kí n tó mọ̀, ìkíni ti bọ́ lẹ́nu mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Òo."

Ẹ gbà mí gbọ́, bó ṣe dáhùn nìyẹn. Kì í ṣe "hi," kì í ṣe "hey there." "Òo" ni, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú èémí, bí ẹni tó ti ń kọ ebè láti àárọ̀. Ara mi tiẹ̀ kọ́kọ́ tù mí, torí ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọkàn mi wá bi mí pé, ta ló kọ́ òyìnbó onífèrémù ní "òo"?

Ìgbà yẹn ni mo rí omi. Ó ń kán láti apá aṣọ rẹ̀, ó ń ṣàn lórí tábìlì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òkú ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Àwòrán ni! Bébà àtijọ́, omi, èmi, ìwé àṣẹ mi. Mo pariwo pé, "Omi! Ẹ jọ̀ọ́, omi!" mo sì sáré fi apá mi méjèèjì dí i.

Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni.

Omi náà wà síbẹ̀. Ó tutù bí omi inú fíríjì, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ àti koríko jíjẹrà. Ó yí àwòrán náà ká, kò sì kan etí bébà kankan, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ darí rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Ẹ̀rù wà nínú ẹkún náà, ṣùgbọ́n ọpẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú pé bébà kò tutù, ojú sì tún ń tì mí pé ọpẹ́ ló kọ́kọ́ dé.

Nígbà tí mo dé apartment wa ní Gulfton ní ìrọ̀lẹ́, mo tún pe Àǹtí Rónkẹ́. Mo rò pé wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ní, "Ṣé o rí ojú ẹ̀ kí o tó kí i?"

"Rárá, mà."

"Ẹ̀yìn lo kí?"

"Mo rò pé onífèrémù ni..."

"Ta ní ń kí ẹ̀yìn ènìyàn?" Ohùn wọn wálẹ̀, bí ẹni pé wọn ò fẹ́ kí ẹni tó wà nítòsí gbọ́. "Fetí sílẹ̀. O kí i kú iṣẹ́, ó sì jẹ́ ẹ. O ti sọ fún un pé iṣẹ́ ẹ̀ ò tíì tán nìyẹn. Ó máa fẹ́ parí ẹ̀."

"Iṣẹ́ wo, mà?"

"Ṣé èmi ni mo bá ẹ kí i ni?"

Tóbi, tí a jọ ń gbé, tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ń din ẹyin, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Prof ló máa ń pè mí. Ó ní, "Prof, abeg, no carry am come house o. Àwa méjì péré la wà nínú lease yìí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé mo rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Ms. Linda fúnra rẹ̀ wá sí yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, mo kàn ń fi èdè wa sọ ọ́ ni. Ó dúró níwájú tábìlì, ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, ìdílé náà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tí a máa ṣí ìpàtẹ, gbólóhùn díẹ̀ ni kí n yọ, kí ló wá burú níbẹ̀?

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí ẹni àná yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjú sí mi.

Kò ga. Àwòrán yẹn ṣe é bí òmìrán, ṣùgbọ́n èmi gan-an ga jù ú lọ. Ọmọkùnrin lásán ni, kò sí irunmú, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ́nà jáde. Kò mú idà lọ́wọ́. Kò wọ bàtà. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Òjò ló pa á bẹ́ẹ̀, yìnyín kan kò sí lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé òun ni sójà orí odi yẹn? Mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ fìyẹn mú mi, ẹ lẹ́tọ̀ọ́.

Ms. Linda gbé ọwọ́ lé tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù. Ó wo òkè. "AC yìí tún ti ń jò," ló wí. "Màá pe àwọn tó ń tún un ṣe." Ó fi síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu ọwọ́. Omi ara ẹni ẹlẹ́ni! Ó nù ún bẹ́ẹ̀ náà ni.

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Mi ò ní yọ ọ́, Ms. Linda."

"Kí lo wí?"

"Mi ò ní yọ ọ́. Ẹni tó yà á kò sí níbẹ̀, kò sì rí i. Tí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, àwa náà ń bá wọn polówó ogun náà ni."

Ohùn mi kò gbọ̀n. Mi ò tíì gbọ́ ohùn mi bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣe mí bí ìgbà tí ènìyàn bá bọ́ bàtà tó ti ń fún un láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀rín ojú Ms. Linda kúrò. Ó ní, "Káàdì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀sán ọ̀la tó pé. Tí kò bá ti ọ̀dọ̀ ẹ wá bí mo ṣe fẹ́, ẹlòmíràn máa kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, a ó jókòó sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ẹ." Ó jáde, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ì bá jẹ́ pé ó gbá a, ọkàn mi ì bá balẹ̀ díẹ̀.

Ó wá ku èmi àti òun.

Kò rìn sọ́dọ̀ mi. Ó dùbúlẹ̀ ni. Ó dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì yẹn, ó ká orúnkún mọ́ àyà, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Ó ya ẹnu bí ẹni tó ń wá omi mu, bẹ́ẹ̀ omi ló wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó gbọ̀n, ó gbọ̀n, títí tí kò fi gbọ̀n mọ́.

Mo mọ ohun tó ń fi hàn mí. Bó ṣe kú ni. Kì í ṣe lórí odi, kì í ṣe pẹ̀lú idà. Inú ló run ún pa nínú ẹrẹ̀, kó tó dé ibi tí odi kankan wà. Mo ti kà á rí pé àìsàn pa ọ̀pọ̀ sójà nínú ogun yẹn, ṣùgbọ́n mi ò rí ibì kankan tí wọ́n ti kọ nǹkan nípa tirẹ̀.

Ó dìde. Ó na ìka sí kọ̀ǹpútà mi, níbi tí káàdì wà ní ṣíṣí. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ, Yorùbá ló sì tún sọ, mi ò mọ bó ṣe gbọ́ ọ.

"Kọ ọ́."

Ibi tí ẹ máa ti pè mí ní wèrè nìyí. Ẹlòmíràn ì bá kọ ọ́ kó lè rí ìdáǹdè. Èmi ò kọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n inú tún ń bí mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ mi wéwu lórí ọ̀rọ̀ kan náà yẹn, mi ò ní wá yí i padà torí pé òkú ni ẹni tó ń bẹ̀ mí lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ní, "Mi ò lè kọ ọ́. Mi ò sí níbẹ̀. Mi ò rí i. Tí mo bá kọ ohun tí mi ò rí, èmi àti ẹni tó gbé ọ gun orí odi yẹn, ọ̀kan náà ni wá."

Ó wò mí. Inú kò bí i. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni, bí ó ṣe rẹ̀ ẹ́ nígbà tó dáhùn "òo."

Ó ní, "O rí mi."

Mo na ọwọ́ sí àwọn tó ń ṣubú nísàlẹ̀ odi, àwọn olójú kan náà yẹn. Mo ní, "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ìwọ tiẹ̀ ní orúkọ lórí bébà. Ta ló máa kọ tiwọn?"

Ó yíjú sí àwòrán. Ó wò wọ́n pẹ́, bí ẹni pé kò kà wọ́n sí rí.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí omi ń kán lẹ́yìn mi. Kì í ṣe ojú kan ló ti ń kán. Ibi gbogbo ni. Lẹ́bàá ògiri, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

Mi ò wẹ̀yìn. Mi ò sì kí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ dákẹ́, òun náà kò sí mọ́. Nígbà tí mo máa wakọ̀ lọ sílé, àga ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ti tutù. Mo tan rédíò, mo wo iwájú mi lórí freeway títí mo fi délé. Ní Gulfton, Tóbi tẹ omi ní kọ́ridọ̀ wa, ó sì kígbe, "Prof! Who pour water for here?" Ó tan iná. Ipasẹ̀ ni, ẹsẹ̀ láìsí bàtà, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu yàrá mi. Kò dá àpárá mọ́. Ó kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó sì lọ sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mi ò bá a wí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò bá a wí.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo ń kọ èyí, níbi iṣẹ́. Káàdì wà níwájú mi. Ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mi ò sì ní yọ ọ́. Kí Ms. Linda lé mi tó bá fẹ́. Ìyẹn ti tán nínú mi, ó sì ya èmi fúnra mi lẹ́nu pé ó tán bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ àyè ìlà kan ṣì kù nísàlẹ̀ káàdì náà. Ṣé kí n kọ ọ́ pé ọmọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà ní igun àwòrán yìí kò gun odi kankan? Tí wọ́n bá bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀, kí ni kí n sọ? Pé ó wá dùbúlẹ̀ fún mi? Tí mo bá sì fi í sílẹ̀, ṣé èmi tí mo ní ẹni tí kò bá rí nǹkan kó má sọ̀rọ̀, kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ti rí? Tí mo bá sì kọ tirẹ̀ nìkan, kí ni kí n ṣe sí àwọn tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má sì ní kí n lọ ṣe ìtúsílẹ̀. Àǹtí Rónkẹ́ ti fi òróró ránṣẹ́ ná. Ìmọ̀ràn gidi ni mo ń wá, pàápàá lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti bá òkú tó ní ọ̀rọ̀ sọ pàdé rí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bá a pàdé, tí ẹ bá wọ yàrá tí ẹ bá ẹni tó tẹ̀ ba sórí iṣẹ́, ẹ ní sùúrù kó kọ́kọ́ yíjú. Ẹ rí ojú rẹ̀ kí ẹ tó kí i.

Etí tábìlì mi tún ti ń tutù. Ẹ dákun, kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ni kí n kọ?